Erékùṣù, Òkìtì, Ewé: Lámèyítọ́ lórí Orúkọ Àwọn Ẹbí Silikáàtì

Láti ìgbà tí Hugo Strunz, onímọ̀ òkúta ará Jámánì, ti tẹ ìwé rẹ̀ Mineralogische Tabellen jáde ní 1941, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń gbára lé. Kì í ṣe kẹ́místrì inú rẹ̀ ni a fẹ́ bá jà níhìn-ín. Orúkọ Gíríkì tí a fi ń pe àwọn ẹbí silikáàtì ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí yóò bá kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá-Nàgó yóò ní láti yàn bóyá ìró wọn ni òun yóò gbà tàbí ìtumọ̀ wọn.

Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn silikáàtì, átọ̀mù ọksijẹ́nì 4 ló yí silisíọ̀mù 1 ká. Ẹ wo bí àwọn ìyá ọlọ́sàn ti ń pàtẹ: ọsàn mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹyọ kan lórí wọn. Ọsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún ọksijẹ́nì; silisíọ̀mù kéré, ó fara pamọ́ sí àlàfo àárín wọn. Ìdìpọ̀ yìí lè dá wà, òun àti òmíràn sì lè jọ ní ọksijẹ́nì kan. Bí wọ́n ti so mọ́ra wọn ló pín wọn sí ẹbí mẹ́fà: neso- ni erékùṣù, soro- ni òkìtì, cyclo- ni òbìrí, ino- ni fọ́nrán, phyllo- ni ewé, tecto- sì bá ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríkì fi ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà tan.

Ọ̀rọ̀ inú ilé àti inú oko ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ yìí, kò tíì béèrè ohun tí èdè Gíríkì fi gbé e.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń túmọ̀, kí a má ṣe túmọ̀ àṣìṣe mọ́ ọn. Thortveitite, òkúta ọ̀wọ́n ilẹ̀ Nọ́wè tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 1911, jẹ́ Sc2Si2O7. Zachariasen fi hàn ní 1930 pé ìdìpọ̀ méjì ló jọ ní ọksijẹ́nì kan nínú rẹ̀. Èyí ni wọ́n kà mọ́ ẹbí “òkìtì”. Ta ló ń pe ohun méjì ní òkìtì? Ìbejì ni, orúkọ yìí sì sọ òótọ́ ju ti Gíríkì lọ.

Òbìrí yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n rí benitoite ní San Benito, ní Kalifọ́níà, wọ́n kọ́kọ́ rò pé sáfírì ni. Louderback ló fún un lórúkọ ní 1907. BaTiSi3O9 ni. Ní 1930 kan náà, Zachariasen rí i pé ìdìpọ̀ mẹ́ta ló so pọ̀ bí òrùka. Ìṣirò rẹ̀ bára mu: ọ̀nà 3 ọksijẹ́nì 4 jẹ́ 12, a yọ 3 tí wọ́n jọ ní, ó ku 9. Òrùka bá a mu gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀, orúkọ rere kò sọ ohun gbogbo. Òrùka ẹlẹ́ni mẹ́fà ló wà nínú bẹ́ríìlì, nítorí náà ẹbí òrùka ni wọ́n fi í sí. Ṣùgbọ́n beríllíọ̀mù náà jókòó láàárín ọksijẹ́nì 4, òun ló sì ń so òrùka kan mọ́ èkejì. Ní 1960, Tibor Zoltai dábàá pé kí a ka gbogbo ìdìpọ̀ ẹlẹ́mẹ̀rin, ì báà ṣe silisíọ̀mù ló wà láàárín tàbí òmíràn. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, bẹ́ríìlì kúrò ní òrùka, ó di ara ẹbí tí gbogbo igun rẹ̀ so mọ́ra bí igi òrùlé. Òkúta náà kò yí padà. Ohun tí a kà ló yí padà.

Àbá wa nìyí: adáwà, ìbejì, òrùka, ẹ̀wọ̀n, ewé, òrùlé. Kí òǹkọ̀wé lò wọ́n, kí ó sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ìwé kan náà pé ohun tí a bá kà ló ń pinnu orúkọ tí a fún wọn.