Orin Wo Lààyò Nínú Iṣẹ́ B.B. King? Àyẹ̀wò Ìdájọ́ Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀

Láti ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2015 tí B.B. King, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àwọn onígìtá blues, ti jáde láyé ní Las Vegas lẹ́ni ọdún 89, ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ rẹ̀: nínú gbogbo orin tí bàbá náà kọ, èwo ló ta yọ? Bí ẹnì kan bá dárúkọ “The Thrill Is Gone”, ẹlòmíràn á ní “Sweet Little Angel” ni, àgbàlagbà kan á sì ní kí wọ́n má gbàgbé “3 O’Clock Blues”. Ọ̀pọ̀ ló ka irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán. Lójú tèmi, iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an ni, nítorí ẹni tó ń ṣa orin ààyò ń sọ ohun tó gbà pé ó ń mú orin dùn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé orúkọ orin nìkan kò tó fi ṣèdájọ́ iṣẹ́ B.B. King. Bó ṣe kọ orin náà, ibi tó ti kọ ọ́ àti àwọn tó kọ ọ́ fún ló yẹ ká gbé lé ìwọ̀n.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú orísun àwọn orin náà. Púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Lowell Fulson ti kọ “3 O’Clock Blues” kí B.B. King tó kọ tirẹ̀, tó sì fi gba ipò kìíní lórí àtẹ orin R&B ní 1952. Roy Hawkins ló gbé “The Thrill Is Gone” jáde ní 1951. “Sweet Little Angel” ta gbòǹgbò látinú orin kan tí Lucille Bogan ti ṣe sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1930. Leonard Feather, tó jẹ́ lámèyítọ́ orin jazz, ló ṣẹ̀dá “How Blue Can You Get”. Kò sí àbùkù kankan nínú èyí; bí àṣà blues ṣe rí nìyẹn. Orin a máa ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì tún un kọ tó dùn létí ni wọ́n máa ń yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn orin B.B. King, bó ṣe ń kọ ọ́ àti bó ṣe ń ta gìtá sí i ló ń yìn.

Báwo ló ṣe wá ń ta á? Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925 ni wọ́n bí Riley B. King ní ìpínlẹ̀ Mississippi, níbi tó ti ṣiṣẹ́ nínú oko òwú. Nígbà tó dé Memphis, ó bá ìbátan rẹ̀, Bukka White, tó máa ń fa nǹkan líle kọjá lórí okùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè máa ké bí ẹni ń sunkún. B.B. King gbìyànjú ọ̀nà yìí, kò rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ òsì gbọn okùn náà kó lè rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ mú jáde, ohùn tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Ohun kejì ni pé kì í ta gìtá nígbà tó bá ń kọrin. Á kọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, gìtá tó sọ ní Lucille á wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí onídùndún ṣe ń gbe akéwì lẹ́yìn ni Lucille ṣe ń gbe ọ̀gá rẹ̀, àfi pé kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásọtúnsọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá tán sí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn tó ta lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lè tó o. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ìdájọ́ àwọn olólùfẹ́ yàtọ̀ síra nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kò dọ́gba. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó gbọ́ ọ lórí rédíò WDIA ní Memphis, tàbí tó jó sí orin rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ijó nígbà tó ń rin ìrìn àjò kiri (ìgbà 342 ló ṣeré ní 1956 nìkan), akọrin ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ohùn ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tó pàdé rẹ̀ ní Fillmore, San Francisco, ní 1967, onígìtá ni wọ́n wá wò, torí àwọn onígìtá bíi Eric Clapton àti Mike Bloomfield ti ń yìn ín. Ìran mìíràn tún wà tó jẹ́ pé orin tí òun àti ẹgbẹ́ olórin U2 jọ gbé jáde ní 1988 ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣì í nínú wọn, ṣùgbọ́n apá kan ni kálukú dì mú.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì tó gbayì jù yẹ̀ wò. “The Thrill Is Gone” tó ṣe ní 1969 yàtọ̀ sí blues tí etí wa ti mọ́, torí ohùn minor ló gbà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó fi wúwo lọ́kàn ẹni. Bill Szymczyk tó darí iṣẹ́ náà ní sitúdíò ní kí wọ́n fi gòjé òyìnbó kún un, Bert de Coteaux ló sì to ohùn wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu akọrin, gìtá àti gòjé ṣì ń bá a lọ títí, bí ẹni pé ìbànújẹ́ náà kò fẹ́ kúrò nílé. Orin yìí gba ẹ̀bùn Grammy, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ pin sí.

Ní ti orin kejì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1964, ní Regal Theater tó wà ní àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní Chicago, ó kọ “How Blue Can You Get” níwájú èrò. Lucille ló ṣíde, ohùn tẹ̀ lé e, kò sì kánjú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oore tó ṣe fún obìnrin kan: ọkọ̀, oúnjẹ, ilé, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń tẹ́ńbẹ́lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àwọn afọnfèrè àti onílù á gbá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dákẹ́ lójijì, ohùn rẹ̀ nìkan á kù lórí ìtàgé. Inú àlàfo yẹn ni èrò ti ń hó. Ariwo náà ń ga sí i ní oore kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, tó figbe ta, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì dàrú pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, síbẹ̀ ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohùn ọ̀fun, gìtá àti ègbè àwọn èèyàn pàdé níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní B.B. King fúnra rẹ̀ kò ka ìṣeré ọjọ́ náà sí èyí tó dára jù. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbà sílẹ̀ ni etí wa lè ṣèdájọ́ lé lórí. Ẹ tún wo àwo tó ṣe lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Cook County ní 1970. Orin méjèèjì wà níbẹ̀. “The Thrill Is Gone” kò ní gòjé kankan mọ́, àwọn tó sì ń gbọ́ ọ jẹ́ ẹni tí òmìnira ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Orúkọ orin kò yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà.

Ìdájọ́ tèmi ni pé “How Blue Can You Get” ti Regal ló ga jù nínú iṣẹ́ B.B. King. Ẹni tí kò bá gbà, kó mú tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kó má dárúkọ orin lásán. Kó sọ ọdún, kó sọ ibi tó ti kọ ọ́, kó sì sọ ohun tí Lucille ṣe níbẹ̀ tí kò ṣe níbòmíràn.