Ẹ̀bi àti Ìyà nínú Ìwé Esekieli

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi wá nígbà tí a bá ń ka àyọkà láti inú Bíbélì. Nínú orí 9 ìwé Esekieli, a fi àmì sí iwájú orí àwọn tí ń kẹ́dùn nítorí ìwà ìríra Jerusalẹmu, kí a má baà pa wọ́n. Ní orí 18, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ nìkan ni yóò kú. Ṣùgbọ́n ní orí 21, Ọlọ́run ní òun yóò ké olódodo àti ènìyàn búburú kúrò pọ̀. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé olódodo tó bá bá ibi lọ ní ẹ̀ṣẹ̀ tó fi pamọ́. A kò fara mọ́ èyí. Ní Fìdítì àti Ìlọrà, tí ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ gbà kọjá, a mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ìyá tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀: ó ń fi ẹ̀bi kún ọ̀fọ̀. Kò sì sí gbólóhùn kan nínú orí 21 tó gbè é lẹ́yìn.

Lójú tiwa, ìyàtọ̀ àárín ẹ̀bi àti ìyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ènìyàn lè jẹ ìyà láìjẹ̀bi. Bí àgbà bá ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ẹlẹ́bi ló ń tọ́ka sí. Bí ó bá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru, ìyà tó ń kárí ló ń sọ. Kò sí olùkọ́ tó jẹ́ fi òwe kan pa èkejì rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orí 18. Àwọn tó wà ní ìgbèkùn ń pòwe pé àwọn baba ló jẹ èso àjàrà kíkan tí eyín ọmọ fi kan. Ọmọ Fìdítì tó ti jẹ ọsàn kíkan mọ ohun tí wọ́n ń wí. Èsì wòlíì ni pé ẹ̀bi baba kì í ṣe ti ọmọ. Orí 21 ní tirẹ̀ ń sọ ohun tí ogun ń ṣe fún odindi ìlú. Nígbà tí Bábílónì wó Jerusalẹmu ní nǹkan bí 586 ṣáájú ìbí Jésù, tọmọdé tàgbà ni ìyà náà kárí.

Síbẹ̀, àlàyé yìí kò tán ọ̀rọ̀ náà. Nínú orí 21, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fa idà yọ. Àmì orí 9 kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ fi aláìṣòdodo rọ́pò olódodo. Bíbélì Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bí ó ti le tó.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti olùyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ wa pé kí ẹ má ṣe gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti bára mu hàn. Ẹni tó rí ibi tó lọ́jú pọ̀, tó sì sọ bẹ́ẹ̀, ti kàwé ju ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ dí àlàfo lọ.