Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àyẹ̀wò Ìlànà Ipa-Ọ̀nà Ọkọ̀ Èrò ní Ìlú Èkó

Ìfáàrà

Bí ìlú bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ àwọn ará ìlú ń di ẹrù sí àwọn aláṣẹ lọ́rùn. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni ìlú Èkó jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Erékùṣù ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba Agége, Alímòṣọ́ àti Ìkòròdú mọ́ra, ó sì ti fara kan àwọn ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìlànà tí ìjọba fi ń la ipa-ọ̀nà fún ọkọ̀ èrò láti ọdún 2008. Kókó rẹ̀ ni pé ìlànà náà bá ẹni tí ó ń lọ sí Erékùṣù mu, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ó ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn ní Mẹ́ńláǹdì lé ọlọ́kọ̀ dánfó lọ́wọ́.

Ibi tí ìlànà náà ti yege

Kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìjọba Lateef Jákàńdè (1979–1983) ti dáwọ́ lé ọkọ̀ ojú-irin inú ìlú tí a pè ní Metroline, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1985. Láti ìgbà náà, dánfó àti mólùé ni ó ru ìlú. Nígbà tí òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀ ní ọdún 2002, kò fi iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ojú títì tí ó wà nílẹ̀ ni ó lò: ó gé etí rẹ̀, ó fi kọnkéré pààlà sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọkọ̀ BRT sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ohun tí ó tún yẹ fún ìyìn ni pé ẹgbẹ́ awakọ̀ fúnra wọn wà lára àwọn tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. A kò sọ wọ́n di ọ̀tá rẹ̀.

Àléébù rẹ̀

Àléébù náà hàn bí ènìyàn bá wo ibi tí àwọn ipa-ọ̀nà pin sí. CMS ni ti àkọ́kọ́ pin sí. Èyí tí a fà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, orí rẹ̀ ni a so ó mọ́. Ọkọ̀ ojú-irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ń ti Mile 2 lọ sí Marina. Ti aláwọ̀ pupa, tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ń ti Agbádò lọ sí Oyíǹgbò, létí afárá. Nínú àwọn márààrún, ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá (2020) nìkan ni kò kọjú sí Erékùṣù. Àfi bí ẹni pé gbogbo ìlú ni ó ń lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ó ń gbé Ìkòròdú tí ó ń ta redíò ní Alábà ṣe àpẹẹrẹ. BRT yóò gbé e dé Mile 12 láìsí wàhálà. Láti ibẹ̀, dánfó ni yóò wọ̀ dé Òṣòdì, òmíràn dé Mile 2, òmíràn dé Alábà. Ọkọ̀ mẹ́rin, owó mẹ́rin, ìdúró mẹ́rin nínú oòrùn tàbí òjò. Kìlómítà ni ìlànà náà ń kà. Kò ka iye ìgbà tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀.

Àfiwé

Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, tí òun náà tàn kálẹ̀ púpọ̀, ní irú ìṣòro yìí: ipa-ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń darí sí àárín ìlú. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2015, a yí gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tò wọ́n bí okùn àwọ̀n tí ó ń pàdé ara wọn. Lórí àwọn tí ó ṣe pàtàkì, ọkọ̀ ń dé ní ìṣẹ́jú 15 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹni tí ó fi káàdì sanwó kò sì ní san òmíràn nígbà tí ó bá pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé pípààrọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ìyà fúnra rẹ̀. Ìdúró pípẹ́ àti owó tuntun ni ó ń sọ ọ́ di ìyà.

Ẹlòmíràn lè wí pé Èkó kì í ṣe Houston. Òtítọ́ ni. Ọ̀sà pín Èkó sí méjì. Afárá Carter, afárá Èkó àti Third Mainland (1990) ni ẹni tí ó ń ti Mẹ́ńláǹdì lọ sí Erékùṣù lójú títì gbọ́dọ̀ gbà. Nítorí náà, kò burú pé ipa-ọ̀nà ńlá darí sí orí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sà láàárín Ìyànà-Ìpájà àti Ìkẹjà, tàbí láàárín Òṣòdì àti Mile 2. Dánfó ti ń na àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kò yà á sórí ìwé. Ẹsẹ̀ èrò tí ó ń dúró ní oríta ni ó là á.

Èyí kò sọ dánfó di ohun àpọ́nlé. Kì í gbéra àfi bí ó bá kún. Bí òjò bá sú, owó rẹ̀ a lé. Ó sì lè já èrò sílẹ̀ lágbedeméjì. Síbẹ̀, nígbà tí gómìnà Akinwùnmí Aḿbọ̀dé kéde ní ọdún 2017 pé òun yóò mú un kúrò nígboro, ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ipa-ọ̀nà rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìkádìí

Ìlànà tí a yẹ̀ wò yìí kì í ṣe òfo. Ó ti mú ìrìn Erékùṣù rọrùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ohun tí ó kù ni kí a ka ipa-ọ̀nà dánfó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí a la èyí tí yóò dábùú Mẹ́ńláǹdì, kí owó kan sì lè gbé èrò dé òpin ìrìn rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọjà Èkó pọ̀. Marina kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.