Ta Ló Gba Atukọ̀ Sílé? Àyẹ̀wò Ìwé Kira Salak Lórí Odò Ọya

Odò tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní Niger, Odò Ọya ni àwa ń pè é. Kí ó tó kan ààlà àríwá Bẹ̀nẹ̀ ní Malanville, ó ti la ilẹ̀ Màlì kọjá. Níbẹ̀ ni Kira Salak, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá wa ọkọ̀ rọ́bà kékeré láti Ségou dé Tombouctou, nǹkan bí 960 kìlómítà. Àkọlé ìwé tí ó kọ lé e lórí ni The Cruelest Journey, èyí tí a lè pè ní Ìrìn Àjò Tó Rorò Jù Lọ.

Ìwé náà yẹ ní kíkà. Apá òǹkọ̀wé farapa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìjì jà, ìgbẹ́ ọ̀rìn ṣe é, erinmi sì ń bẹ nínú omi. Síbẹ̀ kò fi ìyà ṣe fáàrí, kò sì fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́.

Àkọlé náà ni a fẹ́ bá a jiyàn lé lórí. Ta ni ìrìn náà rorò sí? Omi tí ń dẹ́rù bà á, ọ̀nà àti oko ni ó jẹ́ fún àwọn Bozo apẹja. Ó dá wa ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, abúlé ni ó ń wá. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà á. Àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn ni ó dára jù lójú wa, nítorí ibẹ̀ ni akọni ti di àlejò.

Mungo Park, tí Salak ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, rí irú rẹ̀ ní Ségou ní ọdún 1796. Ọba kò jẹ́ kí ó sọdá odò; obìnrin kan ni ó mú un wọlé, tí ó fún un ní ẹja jẹ, tí ó sì tẹ́ ẹní fún un. Orúkọ Park kò parun. Orúkọ obìnrin náà, Park kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Tombouctou, Salak ra òmìnira fún obìnrin Bella méjì tí ó wà lóko ẹrú. A kò fojú kéré oore yìí. Ṣùgbọ́n ìparí ìwé ni àwọn méjèèjì tó yọjú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn tó rorò jù lọ, tiwọn ni. À bá fẹ́ kí òǹkọ̀wé jókòó tì wọ́n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ìwé náà. Bí ẹ bá sì wá kọ tiyín nípa odò Ouémé lọ́la, ẹ má ṣe gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni tó fún yín ní omi mu.