Ìdí Eṣinṣin Ni Orúkọ Rẹ̀ Wà

Bí a bá da ìgò ọtí tí wọ́n kó kòkòrò sí sínú àwo funfun, ohun tí èmi àti ìwọ máa rí ni ìdọ̀tí dúdú wínníwínní. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á fi orí abẹ́rẹ́ yí ẹyọ kan padà lábẹ́ máíkíróskóòpù, á ní: "Pseudacteon ni. Abo ni." Àlejò lójú, kò fi ríran.

Kì í ṣe idán, ètò ni. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń wò, tó ga bí iké, tí orí sì rẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó kan itan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó kan ìyẹ́: iṣan tó nípọn kó jọ sí etí iwájú, àwọn yòókù tín-ín-rín, wọ́n ń lọ gbọọrọ láìsí èyí tó dábùú wọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ìdílé eṣinṣin abuké ni, Phoridae. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Thailand, Euryplatea nanaknihali, tí Brian Brown, onímọ̀ kòkòrò ní Los Angeles, fún lórúkọ ní 2012. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 0.4 mìlímítà péré.

Ìdílé nìyẹn, ẹ̀yà ló ṣòro. Nínú ìdílé yìí, àwọn Pseudacteon máa ń bẹ́ èèrà lórí. Abo á já lé èèrà, á fi abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ ti ẹyin kan wọ inú rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ìdin á wọ́ lọ sínú orí, á jẹ ohun tó wà níbẹ̀ tán, orí á já bọ́, inú àgbárí yẹn ni eṣinṣin tuntun á sì ti jáde, bí ẹni gba yàrá.

Abẹ́rẹ́ ìdí yẹn ló ń tú wọn fó. Ti Pseudacteon tricuspis ní ẹnu mẹ́ta bí àmúga. Ti Pseudacteon curvatus tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Èkíní ń lépa èèrà ńlá, èkejì ń lépa kékeré. Ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnu mẹ́ta lè dà bí ọ̀kan. Nítorí náà, amòye á rọra máa yí i, díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́rẹ́ á fi hàn gbangba. Á wo awò, á wo àwòrán inú ìwé, á tún wo awò. Bó bá lọ sín pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti fò lọ.

Kí ni gbogbo sùúrù yìí wà fún? Èèrà kan tó ń ta bí iná, Solenopsis invicta, bá ọkọ̀ ojú omi ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Alabama láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó sì gba gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kan. Ní 1997 wọ́n tú tricuspis láti Bràsíìlì sílẹ̀ ní Florida kó máa dín in kù. Curvatus tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá padà wo pápá, tí eṣinṣin bá ń rá bàbà lórí ilé èèrà, ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: èwo lèyí? Ìdáhùn rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ìdí eṣinṣin ló sì wà.