Ọkọ̀ Èjìgbò Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ilẹ̀ Èjìgbò tẹ́jú. Bí èèyàn gba ọ̀nà Ìwó wọ̀lú, bó gba ti Ògbómọ̀ṣọ́, bó sì gba ti Ẹdẹ, oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́, igi káṣù àti ọ̀dàn ni yóò máa rí lọ títí. Láti Màsífà dé Ìfẹ́-Odàn, láti Ọlá dé Ìlawó, ọ̀nà a máa ga níwọ̀nba, a sì máa sọ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí ará Ìjẹ̀ṣà yóò dé níbẹ̀ tí yóò ní òun rí òkè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọdún bá dé, tí ara bá ń fẹ́ ìgbafẹ́, ìlà-oòrùn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ará ìlú yìí máa ń fà sí, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì gbé pàdé láàárín òkè: Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí, Ìkógòsì. Mọ́tò háyà ni wọ́n sì ń gbé lọ.

Oṣù Kejìlá ni ìlú máa ń kún jù. Láti ayé àwọn bàbá wa ni ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé ẹni tó bá dúró sọ́jà Èjìgbò lásìkò ọdún á máa gbọ́ Faransé lọ́tùn-ún lósì, owó sẹ́fà kò sì ṣàjèjì sí àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó wọn bọ̀ láti Abidjan ń gba Gánà, Tógò àti Bìnì kọjá kó tó wọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá rin irú ìrìn yẹn dé, ó yẹ kí mọ́tò ti sú u. Kì í sú wọn. Bí wọ́n bá kí ẹbí tán, tí wọ́n jẹ iyán yó, ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville tàbí Adjamé ní Abidjan á ní kí wọ́n mú òun lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹrin, èyí tí òun ti ń rí nínú fọ́tò àwọn ẹ̀gbọ́n òun.

Òkè wà ní Côte d'Ivoire náà o. Ìlú Man wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ìlú olókè méjìdínlógún ni wọ́n ń pè é, òkè Tonkpi tó wà nítòsí rẹ̀ sì ga ju 1,100 mítà lọ. Ṣùgbọ́n ó lé ní 500 kìlómítà sí Abidjan, kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ lè sáré dé kó tún sáré bọ̀. Láti Èjìgbò sí Ẹ̀fọ̀n, díẹ̀ ni ọ̀nà fi lé ní 100 kìlómítà. Àárọ̀ lèèyàn ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ háyà ní ọ̀pọ̀ ibi lókè òkun, mọ́tò nìkan ni wọ́n ń sọ. Èèyàn á mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ wá, á fi owó ìdúró sílẹ̀, wọ́n á fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó di òun àti ọ̀nà. Ẹ wo Lẹ̀sótò, orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ pátá ló ga ju 1,000 mítà lọ. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Sani ló ti South Africa gba ara òkè Drakensberg gùn dé ibẹ̀, ó sì le débi pé mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń ti táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ibodè ń jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó ti lọ háyà ọkọ̀ kékeré nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti débẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò ti gbọ́ pé mọ́tò òun kò lè gùn ún.

Ní Èjìgbò, ọkọ̀ àti ẹni tó mọ ọ̀nà la jọ ń háyà. Kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn kan tó ti gbé ìlú òyìnbó dé a máa rojọ́ sí èyí, wọ́n á ní àwọn náà mọ mọ́tò wà, kí wọ́n fún àwọn láyè. Èmi fara mọ́ àṣà ilé, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ó tọ́ fún òkè ju gbígba kọ́kọ́rọ́ lọ. Ojú awakọ̀ la fi owó wa háyà: ojú tó mọ ibi tí àgbàrá ti gé títì lẹ́yìn ojò, tó mọ kọ́nà tí ọkọ̀ àgbérù ti máa ń bọ́ sí àárín ọ̀nà, tó sì lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kó mọ̀ pé ó tó àkókò láti dúró. Kò sí àdéhùn tí wọ́n lè tẹ̀ sórí ìwé tó lè fún àjèjì ní ojú bẹ́ẹ̀.

Ìdúnàádúrà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kàn bi wọ́n pé èló ni dé Ẹ̀fọ̀n, kò tíì béèrè nǹkan kan. Ṣé epo wà nínú owó náà, àbí ẹni tó háyà ni yóò rà á? Ṣé ọkọ̀ yóò dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi wo ìran tán? Bí wọ́n bá sùn sí Ìkógòsì ńkọ́, ta ni yóò sanwó yàrá awakọ̀, ta ni yóò fún un ní oúnjẹ? Láti ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà bẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ epo ló ń gùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Òkè sì ń mu epo ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Awakọ̀ tó ti débẹ̀ mọ èyí, ó sì ń kà á mọ́ owó. Ẹni tí kò tíì débẹ̀ á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

“Ìyá mi, ẹ má wo bó ṣe súnmọ́ nínú fóònù,” ni bàbá awakọ̀ kan sọ fún ìyá oníṣòwò kan lójú mi ní garáàjì. “Òkè ni. Òkè kì í gba epo àwìn.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlhájì, ẹ ṣáà ṣàánú mi. Oúnjẹ yín dọwọ́ mi, àti lílọ àti bíbọ̀.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti parí rẹ̀.

Mọ́tò Síènà ni ẹbí sábà máa ń háyà, nítorí pé ó gba bàbá, ìyá, ọmọ àti kúlà oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó fẹ́ gun òkè lọ́la, alẹ́ òní ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Mo dúró ti bàbá yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù kó tó ṣí radietọ̀, ó da omi sí i títí ó fi kún dé ẹnu, ó jẹ́ kó rọlẹ̀, ó tún bù kún un. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún mọ́ àkísà, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ, ó gbé e sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì. Ó tẹjú mọ́ ike funfun kékeré tí epo bíréèkì wà nínú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ó kúnlẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ tọ ojú rẹ̀ káàkiri. Níkẹyìn ó ti jáàkì bọ abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú igi onígun mẹ́ta kan tí lílò ti mú dán. Igi yẹn ni yóò fi há táyà bí ọkọ̀ bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ títí ó fi ṣe tán.

Ẹdẹ, Òṣogbo, Iléṣà: kò sí wàhálà títí débẹ̀ ju ti èrò ọdún lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dé Ìwàrajà, tí ọ̀nà Àkúrẹ́ bá lọ lọ́tọ̀, tí ti Ẹ̀fọ̀n sì yà, ni òkè tó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Awakọ̀ tó mọṣẹ́, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, kì í kọjá ibẹ̀ láìsọ ìtàn wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún àwọn ọmọ tó kó sẹ́yìn. Katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì mọ́lẹ̀ ló ń wà fún ìjọba ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1928, ẹ̀rọ náà dákú sí i lọ́wọ́ ní Ìkejì-Arákejì, ó gbìyànjú títí kò ṣíṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ìsọjí ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930 tàn dé Ẹ̀fọ̀n. Ẹdẹ ni wòlíì náà kú sí ní oṣù Keje 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ìlú méjèèjì ló wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ Èjìgbò, èyí àkọ́kọ́ kí oorun tó dá lójú àwọn ọmọ, èkejì nígbà tí gbogbo wọn bá ti lẹ ojú mọ́ gíláàsì.

Ohun tó yẹ ká lẹ ojú mọ́ gíláàsì wò ni. Títì á máa lọ́ mọ́ ara òkè bí aṣọ tí wọ́n fún, igi ńláńlá á wà lápá kan, lápá kejì ilẹ̀ á jìn lọ sísàlẹ̀ débi pé orí ọ̀pẹ ni èèyàn ń wò láti òkè. Ìlú Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín òkè, òrùlé páànù tó ti pọ́n ga ju òrùlé lọ, ilé ga ju ilé lọ. Ọmọ tó dàgbà sí ilẹ̀ Èjìgbò á máa béèrè bí wọ́n ṣe ń pọn omi gùn ún.

Ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ló le jù, sísọ̀ ni. Bí ọkọ̀ tó kún fún èèyàn àti ẹrù bá ń sọ̀, tí awakọ̀ sì fi bíréèkì nìkan dá a dúró, irin ibẹ̀ á gbóná, òórùn ohun tó ń jóná á wọnú ọkọ̀, epo bíréèkì á hó, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ kò ní dúró mọ́. Òfin àwọn àgbà awakọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: jíà tí o fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́. Síènà ń yí jíà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì rò pé ọwọ́ kò tún ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bàbá yẹn kò rò bẹ́ẹ̀. Bí a ti dé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ó fa ọ̀pá jíà wálẹ̀ láti D sí 2, ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ fà sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rọra rìn bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń kan bíréèkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fun fèrè ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan kó tó yí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ní kó jẹ́ kí a sáré díẹ̀. “Àbúrò, a ó débẹ̀,” ló fi dá a lóhùn, kò yíjú padà.

Omi Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ń já ní ìpele méje. Ọ̀pọ̀ èrò kì í kọjá ìpele àkọ́kọ́ tàbí èkejì, ó sì tó fún ayọ̀ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn mi, ẹ má dúró de oṣù Kejìlá bí ẹ bá lágbára àtilọ ṣáájú: ọyẹ́ a máa bo ojú òkè, omi náà a sì ti dín kù. Ọludé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá dára jù lọ, nígbà tí omi ń hó gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títì ń yọ̀, tí awakọ̀ rere sì wá ṣe pàtàkì ju ìgbà mìíràn lọ. Bí àwọn èrò bá ti wọlé lọ wo omi, àwọn awakọ̀ a kóra jọ síta. Awakọ̀ láti Adó á sọ ibi tí ọkọ̀ kan ti ṣubú dínà, ti Òṣogbo á sọ ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Ohun tí máàpù inú fóònù kò tíì gbọ́, wọ́n ti gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní àyè, kó fi ọjọ́ kan kún un, kó dé Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kó sì dé Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Láàárín òkè wọ̀nyí ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti ja ogun Kírìjì. Fábùnmi ọmọ Òkèmẹ̀sí ló pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé Iléṣà ló wá kó ogun Èkìtìparapọ̀ jà, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, sì kú sí ibùdó ogun Ìbàdàn ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ gun ibẹ̀, tó rí bí òkè kan ṣe ń ṣọ́ òkè kejì, kò ní béèrè mọ́ ìdí tí apá kan kò fi lè lé apá kejì kúrò.

Àwọn awakọ̀ tó mọ ọ̀nà yìí kò pọ̀ ní Èjìgbò, àyè wọn sì ń tètè tán lásìkò ọdún. Láti oṣù Kọkànlá ni ìpè ti ń wọlé láti Abidjan, tí ẹ̀gbọ́n ń rán àbúrò tó wà nílé pé kó bá òun mú ọjọ́. Kì í bi í léèrè irú mọ́tò tó jẹ́, tàbí bóyá ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Orúkọ awakọ̀ ló ń dá, ó sì ń ní kí wọ́n fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún un kí ẹlòmíràn má baà gbà á.