Ẹja Tó Lè Jọ Gbé
Iṣẹ́ ọpọlọ ni kéèyàn yan ẹja òkun tí yóò jọ gbé inú àpótí gíláàsì kan láìjẹ ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń wo ẹnu ẹja kó tó wo àwọ̀ rẹ̀: lionfish rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹja yòówù tó bá ti gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Oníjà bíi damselfish, ìkẹyìn ni wọ́n ń kó o wọlé, kó má baà sọ gbogbo ibẹ̀ di tirẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ẹja goby àti edé tí wọ́n ń pè ní pistol shrimp. Edé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Òun ló ń gbẹ́ ihò, goby ló ń ṣọ́ ẹnu ihò náà. Edé á fi irun orí rẹ̀ gígùn kan ẹja lára. Bí ìrù goby bá ti gbọ̀n pẹ́rẹ́, kíá, àwọn méjèèjì ti wọlé. Ẹni tó bá rà wọ́n pọ̀, tó sì tẹ́ iyanrìn tó jinlẹ̀ dáadáa fún wọn, ó káre.